Ihò Abẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Kò sí ẹni tí ń kórìíra èèyàn tó ẹni tó ti ṣẹ̀ é. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ kì í balẹ̀. Bí o bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, wá gbọ́ ìtàn káfíńtà kan. Má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o jù ú.

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn aládùúgbò ń pe káfíńtà yìí, nítorí ọkọ̀ kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ̀ pupa ni, ó ti pẹ́ láyé, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí wọ́n lè ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn lórí. Bàbá rẹ̀ ló ni ín kó tó kú. Abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, eku ti jẹ lára aṣọ òrùlé náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìka lé e, káfíńtà á jágbe mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí ọmọ rẹ̀ gbé.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, mẹkáníìkì ni. Ara ọkọ̀ yìí gan-an ló ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ti ọgbọ́n ni, òun ló yẹ kí wọ́n pè kó wá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé káfíńtà.

"Ọ̀bàyéjẹ́ ni," káfíńtà á wí, á tutọ́ sílẹ̀. "Òun ló pa ẹ́ńjìnnì bàbá mi. Òun náà ló pa bàbá mi."

Irọ́ gbuu ni. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì náà. Ní ọjọ́ kan ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó rò pé òun náà mọṣẹ́. Ó rọ ọ́ìlì tó ti dúdú jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ rọ tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ tó máa ń dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde, sípánà sì ni wọ́n fi ń dè é. Ó wá sípánà, kò rí i. Ìgbéraga kò jẹ́ kó yá ti àbúrò rẹ̀. Ó fi ìka lásán yí i, ó ní, "Ó ti tó bẹ́ẹ̀." Kò tíì wa ọkọ̀ náà jìnnà tí nọ́ọ̀tì fi já bọ́. Ọ́ìlì dà tán sójú títì, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì, ó kú pátápátá.

Wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ délé. Ó wọlé tọ bàbá lọ, kò tilẹ̀ kálòlò. "Ọmọ yín mẹkáníìkì ló tú u láàárọ̀," ló wí. Bàbá gbà á gbọ́. Ó lé ọmọ rẹ̀ kékeré jáde, ó ní òun kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́. Kò sì rí i mọ́ lóòótọ́, nítorí kò pé oṣù mẹ́rin tó fi kú. Ìyá wọn gba ìbínú náà bí ẹni gba ogún. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ kankan láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré.

Ó yẹ kí ojú ti káfíńtà, àbí? Ojú kò tì í. Ìkórìíra ló fi bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀. Irú wọn pọ̀ láàárín wa.

Nígbà tó yá, ìyá ní òun fẹ́ jókòó nínú ọkọ̀ ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Káfíńtà bá ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á yọ ti àtijọ́, òun á gbé e fún àwọn tó ń yọ́ irin, ihò tí kò ní nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ̀rí pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló dè é, á sì pa rẹ́ láyé. Òun nìkan ni yóò ṣe é.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́. Ó ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì yéé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sí i. Iṣẹ́ ẹni méjì ni."

"Bí mo bá tún rí bàtà rẹ níbí yìí, òòlù ni mà á fi kí ọ."

"Jésù fẹ́ràn yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó máa fẹ́ràn mi lọ́ọ̀ọ́kán, má tẹ̀lé e wá!"

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, káfíńtà fi ọ̀pá ìdábùú ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra láti inú. Ó so ṣéènì mọ́ igi àjà, ó fi fa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, ó yí i dábùú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ihò abẹ́ rẹ̀ sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà gbangba. Ó wá gbé èyí tó rà sókè, ó ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀.

Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ pé a kì í ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń rọ̀ lórí ṣéènì. Igi ni wọ́n fi ń tì í sáàyè. Káfíńtà tí igi kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà kò rí igi mú. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ṣéènì yọ̀ níwọ̀nba, ẹ́ńjìnnì jókòó lé e lọ́wọ́.

Igbe tó ké dún dé òpópónà kejì. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. "Bàbá àwọn ọmọ! Kí ló ṣẹlẹ̀?" Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni kó tó lọ pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì gbé jáàkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ó sáré dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ta ló pè ọ́? Igún! O ti gbọ́ òórùn òkú, àbí?"

"Ṣé ẹ lè fi igi ti ọ̀pá ìdábùú sókè?"

Ó lè ṣe é. Pákó gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà lófo. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ rí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń wú, ó wo ihò náà. Ó yàn kí ọwọ́ náà lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi àáké fọ́ ọ," ni aládùúgbò kan wí.

"Rárá o," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Igi tó gbé ilẹ̀kùn yìí ló gbé igi àjà tí ṣéènì náà so mọ́. Bí ẹ bá lù ú, gbogbo ẹ́ńjìnnì á rọ́ lé e. Òun nìkan ló lè ṣí i."

Káfíńtà ń fa ọwọ́, ó ń bú èèyàn. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni irin ń jẹ ẹ́ sí i.

"Ẹ má fà á mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà ṣílẹ̀kùn."

"Mi ò ní ṣí i! O ò ní rí i!"

Mẹkáníìkì fi ẹnu kan àlàfo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Ṣé ihò abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni? Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo tọ ipa ọ́ìlì lójú títì, mo rí nọ́ọ̀tì náà. Sípánà kò kàn án."

Káfíńtà dẹ́kun fífa ọwọ́. "O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá ò jẹ́ kí n dé iwájú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, mo kórìíra yín débi pé mò ń bẹ Ọlọ́run kí ọwọ́ yín rọ. Jésù ló gba ìkórìíra náà kúrò lọ́kàn mi. Ó ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, ó kú fún tiyín náà. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

Káfíńtà mú pákó, ó ti ọ̀pá náà sókè. Ọ̀pá bọ́ sílẹ̀.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ wọlé. Kó tó sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ihò náà kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà rí i. Lẹ́yìn náà ló ti jáàkì bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ jáde. Ìka méjì ti lọ.

Ẹ̀wù yẹn ló fọ́ ọkàn káfíńtà, kì í ṣe ìrora. Ó jókòó sínú eruku pákó, ó sunkún bí ọmọdé. "Ṣé Ọlọ́run lè dárí ji irú mi?"

"Nítorí irú yín ni Jésù ṣe wá sáyé."

"Jésù," ló wí, "èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Gbà mí." Ó wá fi ọwọ́ òsì ká ẹ̀wù náà kúrò níṣojú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. "Ẹ wò ó," ló wí. "Èmi ni mo pa á."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú ọwọ́ náà nílé ìwòsàn, àbúrò rẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì ká òrùlé sẹ́yìn, wọ́n wa ọkọ̀ lọ síwájú ilé ìyá. Káfíńtà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá gbá a létí. "O jẹ́ kí ọkọ mi kú pẹ̀lú ìbínú sí ọmọ rẹ̀!" Kò wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ kékeré. Ó ní, "Ebi ń pa mí. Bu oúnjẹ fún mi."

Ìwọ ńkọ́? Má wo ẹ̀yìn, ìwọ ni mò ń bá wí. Ta ni o ń bú kiri nítorí pé o ti ṣẹ̀ ẹ́? Ihò wo ni o jókòó tì, tí o ti ilẹ̀kùn mọ́ra nítorí rẹ̀? O lè kun ọkọ̀ rẹ ní ọ̀dà pupa, o lè jókòó síwájú nínú ìjọ, ihò náà ṣì wà lábẹ́. Ọlọ́run ti rí i tipẹ́.

Jésù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì fẹ́ fi bò ó. Kò ní fi àáké fọ́lẹ̀kùn rẹ. Má sọ pé ó di ọ̀la, nítorí káfíńtà pàdánù ìka méjì nígbà tó ń rò ó, ìwọ lè pàdánù ọkàn rẹ. Sọ fún un nísinsìnyí, níbi tí o wà yẹn, pé ìwọ ni o ṣe é. Kí o sì ṣílẹ̀kùn.