Omi Eérú Nínú Bútà Àdìgún

Bí ẹ bá ti gbé nínú àgbàlá kan ní Madina ilẹ̀ Ghana rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí ìrun Àsárì bá ku díẹ̀. Ẹnìkan ń wá bàtà, ẹnìkan ń wá ẹní, ọkùnrin kan á sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú bútà omi, á máa ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Àdìgún aránfìlà ló lóṣòó síbẹ̀. Fàdílátù ìyàwó rẹ̀ ló bá a pọn omi sínú bútà. Àdìgún fọ ọwọ́, omi náà ń yọ̀. Kò kà á sí, nítorí ọṣẹ dúdú ni ìyàwó rẹ̀ ń sè, kò sì sí ohun tí kì í yọ̀ nínú ilé náà. Ó bu omi, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu, ni òórùn eérú bá gba imú rẹ̀. Ó yára dà á nù. Ibi tó ti ń dà á nù ló ti ta sí i lójú ọ̀tún.

"Yéè! Ojú mi o! Ìyá Sàúdátù, kí lo fún mi?"

Omi eérú ni. Eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi omi jọ̀, tí wọ́n máa ń sè mọ́ àdín kó tó di ọṣẹ. Ó le débi pé ó lè bó awọ ọwọ́.

Fàdílátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sún síwájú, kò lè pa dà sẹ́yìn. "Omi ni mo pọn," ló ń wí. "Wàláì, omi ni mo pọn. Àbí omi kọ́ ni?"

Abena tó ń gbé yàrá kejì kò dúró bi í. Ó fa rọ́bà omi láti ẹ̀rọ, ó da omi bo ojú Àdìgún, kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Ẹnìkan ké pé kí wọ́n lọ bu epo pupa wá. "Daabi!" ni Abena jágbe mọ́ ọn. "Mo ní rárá! Omi nìkan!" Nígbà tó yá, wọ́n wọ takisí, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń jẹ́ Hafeezah. Àdúgbò Cow Lane, ní Ghana níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni òbí rẹ̀, àmọ́ Twi, èdè ilẹ̀ náà, a máa já wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ojú náà fọ̀, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi báńdéèjì bò ó.

"Ojú ò ní fọ́," ni Hafeezah wí. "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ká ní ẹ dúró wá epo ni, kì í ṣe ohun tí mò ń bá yín sọ nìyí."

Fàdílátù bú sẹ́kún. Fìlà tí Àdìgún ń rán, ojú ló fi ń ṣe é, òwú wínníwínní lórí aṣọ. Bí ojú yẹn bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì ti lọ.

"Màmá, báwo lomi eérú ṣe dénú bútà?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Mọ́ńdè."

"Wẹ́sìdeè ni, Màmá. Ṣé ẹ ń sùn?"

Fàdílátù rò ó díẹ̀. "Mò ń dùbúlẹ̀," ló fèsì.

Ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lapaz ti ní kó máa se ọṣẹ fún àwọn ni oorun ti fi í sílẹ̀.

"Bí mo bá ti forí lé ìrọ̀rí báyìí, ọṣẹ ni. Ṣé mo ti jọ eérú? Ṣé àdín máa dé? Obìnrin Lapaz yẹn, ṣé Jímọ̀ ló ní kí n gbé e wá àbí Sátidé? Màá rò ó dópin, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Fóònù á dún lábẹ́ ìrọ̀rí, màá gbé e. Ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mi ò sùn."

"Ẹ sọ fún ẹnìkankan?"

"Ta ni mi ò sọ fún? Ẹnìkan ní kí n máa mu tíì kí n tó sùn, ẹnìkan ní tíì gan-an ló ń fà á. Ìyá kan lọ́jà ní ayé ló ń ṣe mí. Àlùfáà ní kí n máa ṣe àdúà. Mo ṣe é, mo tún ń ro ọṣẹ lórí ẹní ìrun. Nọ́ọ̀sì, ó ti tojú sú mi. Mi ò mọ èyí tí màá mú mọ́."

Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Oògùn oníhóró funfun ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn nínú trotro, ọkọ̀ akérò, ló tà á fún un, ó ní ẹni tó bá lo ẹyọ kan á sùn bí ọmọ ọwọ́. Ó ti lo ẹyọ kan lóru àná. Kò sùn bí ọmọ ọwọ́. Àárọ̀ ni orí rẹ̀ wúwo, tí gbogbo nǹkan sì ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tó gbé bútà, tó bu omi eérú sí i láìmọ̀.

Hafeezah yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́, kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Màmá. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ gbé mì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà tún bi Fàdílátù léèrè bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é, ó wọn ìfúnpá rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì wá jókòó tì í. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe yín. Ọpọlọ yín ni ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé iṣẹ́ ọ̀la. Ìdí tó fi ń jí yín nìyẹn. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ náà síbì kan tó dá a lójú pé kò ní sọnù, á fi yín lọ́rùn sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la, kí ẹ pa á dé."

"Kíkọ kẹ̀?" Fàdílátù fà sẹ́yìn. "A kì í kọ ọṣẹ."

Àkànkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyá yẹn kìlọ̀ fún un pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀, aládùúgbò ti kà á tán. Ọṣẹ tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, ìyẹn ọṣẹ àwa Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ta ni ò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn eérú rẹ̀? Nítorí náà, ìwọ̀n eérú, ọjọ́ ìsè, orúkọ oníbàárà, inú orí ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Ogún ọdún nìyí tí Fàdílátù ti ń pa èèwọ̀ náà mọ́.

Wọn ò kọ́ Hafeezah nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń tú èèwọ̀ ìyá ọkọ.

Àdìgún ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú kan nínú báńdéèjì. "Ìyá Sàúdátù, ṣé o ti rí mi rí kí n máa ro fìlà lórí ibùsùn?"

"Ẹ̀yin? Híhanrun nìkan ni tiyín."

"Bí ọwọ́ mi bá ti dá, ibi tí mo bá iṣẹ́ dé ni mo ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Màá ká fìlà, màá dìde. Kí ni mo tún fẹ́ máa rántí? Abẹ́rẹ́ á rántí fún mi." Ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi rí i. "Ìwọ ni o ò ní abẹ́rẹ́."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Bàbá ti sọ ọ́!"

Láti ọjọ́ yẹn, abọ́ onídèérí kan wà ní ilé ìdáná Fàdílátù. Bí ó bá ti kírun Mọ̀gàrìbì tán, á mú un. Bí eérú yóò bá di jíjọ̀ lọ́la, á bu eérú díẹ̀ sínú ọ̀rá, á fi sí i. Bí yóò bá wá àdín lọ, á ju èkùrọ́ kan sí i. Bébà tó fi ń di ọṣẹ ni ti Lapaz. Kò kọ nǹkan kan, Àkànkẹ́ ò sì ní bá a jà. Á pa fóònù, á fi lé gbogbo rẹ̀ lórí, á dé e. Kò sì gbé e wọ yàrá mọ́.

Oorun ò pa dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mìíràn, ọkàn rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Á dìde, á jókòó sí pálọ̀ láìtan iná, títí ojú rẹ̀ yóò fi wúwo. Ó ti fi obì tó ń jẹ nírọ̀lẹ́ sílẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ní obì a máa lé oorun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì yóò fi parí, Àdìgún ni kò rí oorun sùn, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti ń hanrun jù ú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú báńdéèjì ojú Àdìgún, ó ṣí abọ́ náà wò. Eérú, èkùrọ́, bébà. Ìdérí bútà rẹ̀ ló wà lábẹ́ gbogbo wọn.

"Kí nìyí ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi láràárọ̀ nìyẹn," ni Fàdílátù dá a lóhùn. Kò wò ó lójú. "Kí n fọ bútà yín, kí n pọn omi sí i, kí n tọ́ ọ wò kí n tó gbé e fún yín. Mi ò lè fi ìyẹn sórí mi. Mi ò fọkàn tán orí mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú yín."

Àdìgún dá ìdérí náà pa dà sínú abọ́, ó sì jáde lọ rán fìlà.

Ẹ̀yin ará, ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ báńkì, pásítọ̀, ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá ń bá wọ orí ẹní: ara kì í ṣe òkúta. Ẹni tí kò sùn lè ṣe ẹni tó fẹ́ràn jù léṣe láìmọ̀. Ẹ mú àkókò kan nírọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀, tàbí kí ẹ wá abọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí fóònù sùn níta yàrá. Ẹ má ra oògùn oorun nínú ọkọ̀ tàbí lójú títì. Bí oorun bá sì ṣọ̀wọ́n tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí omi eérú tàbí sóódà bá sì ta sójú ẹnikẹ́ni, omi tó mọ́ ni kí ẹ dà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ẹ tó gbéra lọ rí dókítà.

Iṣẹ́ ọ̀la ò ní sá lọ. Ẹ gún abẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí ẹ bá a dé, kí ẹ lọ sùn.