Abúlé Tí Awò Awọnlẹ̀ Kò Rí

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní irọ́. Àwa tí a ń gbé Ayọ̀bọ̀ láyé àwọn ṣọ́jà mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, inú sì ń bí wa dòní.

Lẹ́yìn Ayọ̀bọ̀, kí èèyàn tó kan odò, ni Abúlé Ahunẹní wà. Ọkùnrin kan tó ń fi koríko etídò hun ẹní ló tẹ̀ ẹ́ dó. Láti ìgbà owó orí ni wọ́n ti ní àṣà kan: bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá yọjú, wọn á paná, wọn á tilẹ̀kùn, wọn á dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Zacchaeus awọnlẹ̀ ìjọba dé. Ó fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ náà. Abúlé tí kò bá sí nínú rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kíá, gbogbo ará abúlé wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Mọ̀dínátù opó nìkan ló jókòó síta. Kò ní í sá nílé ọkọ rẹ̀.

Zacchaeus kan ilẹ̀kùn Ọláoyè, baálẹ̀ wọn.

"Kò séèyàn níbí o," baálẹ̀ dáhùn láti inú ilé.

Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Zacchaeus gbé awò tó fi ń wọn ilẹ̀ sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó wo inú rẹ̀. Ó tún wò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Mọ̀dínátù fojú sí i. Igbó ló rí. Kò sí ilé, kò sí kànga, kò sí sàréè ọkọ rẹ̀. Ó gbójú kúrò: ilé wà. Ó tún wò ó: igbó kìjikìji, ewé kan ò mì.

Ìwọ̀sí gbáà!

"Baálẹ̀, ẹ jáde jàre! Ẹ jáde kí wọ́n rí yín!"

Baálẹ̀ fi igi dí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú.

"Kọ ọ́ pé a wà níbí," Mọ̀dínátù sọ fún Zacchaeus.

"Ohun tí awò bá rí ni mò ń kọ, Màmá."

Ó kọ igbó, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sáré lọ.

Nígbà ọdún Iléyá, Ìdíátù ọmọ Mọ̀dínátù àti ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá láti Ìkòtún. Ìdíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ gan-an, ó ń wò yíká.

"Ibí ni ilé wa wà!"

"Igbó rèé," ọkọ rẹ̀ sọ. "Jẹ́ ká pa dà."

"Ìdíátù, èmi rèé!" Mọ̀dínátù di apá ọmọ rẹ̀ mú. Ìdíátù gbọn apá náà, bí ẹni tí ewé ta lára. Ó sunkún, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀.

Ìyá ń ké tẹ̀lé wọn dé títì Ayọ̀bọ̀. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ: obìnrin kan ń bínú, ó ń pe ọmọ rẹ̀. A wò títí. A ò rí ẹnì kankan.