Ọkùnrin Tó Ń Ta Ìlú Èédú

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí Raheem gun àtẹ̀gùn dé òkè ní Ṣarafíyà, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀. Tábìlì ti lọ. Àga mẹ́fà ti lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù tó kọjá ti kúrò lára ògiri, oòrùn Jẹ́dà ń gba ihò rẹ̀ wọlé. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni àwòrán ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ìdajì kẹ̀kẹ́ irin gìrìwò tí wọ́n rì mọ́ àárín koríko tútù, àti ilé olókùúta dúdú kan lórí òkè lẹ́yìn rẹ̀, tí gogoro ìpèrun funfun yọ lórí òrùlé rẹ̀.

“Àlàájì dà?” ó bi ará Bangladéṣì tó ń gbálẹ̀.

“Ó ti lọ. Àná.” Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. “Kalas. Ó tán.”

Raheem fọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìjáde rẹ̀ yóò parí iṣẹ́. Páṣípọ́ọ̀tù mẹ́ta, tirẹ̀, ti Asiya ìyàwó rẹ̀, àti ti Rumaysa ọmọ wọn, wà lọ́wọ́ Àlàájì Abdulrauf. Láìsí wọn, wọn kò lè wọ bàálù. Bí Ọjọ́bọ̀ bá sì kọjá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di arúfin, àtimọ́lé ni ilé wọn. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Wọ́n ní ìwé mìíràn yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọdún mọ́kànlá ni Raheem fi tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà. Nígbà tí iṣẹ́ náà di ti ọmọ onílùú, kafíìlì tó gbà á síṣẹ́ dá páṣípọ́ọ̀tù padà fún un, ó fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ láti kó ẹrù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlàájì Abdulrauf yọ sí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ìlú kan wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Kesterby. Èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀ láti ayé baba ńlá wọn. Wọ́n ti ti ihò èédú pa, àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ ìlú: kẹ̀kẹ́ irin tó ń sọ àwọn awakùsà kalẹ̀ sínú ihò, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn, ilé ìjọsìn dúdú orí òkè. Wọ́n ń wá ìdílé mẹ́wàá tí yóò máa gbé ibẹ̀. Ilé ọ̀fẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ilé ìjọsìn yẹn ni yóò di mọ́ṣáláṣí. Raheem kó páṣípọ́ọ̀tù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un láti fi gba físà ibẹ̀.

“Ìwọ ni wàá máa bójú tó iná rẹ̀,” ni Àlàájì wí, ó ń fọwọ́ pa àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. “Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì kankan gbọ́. Wọn á dà á rú.”

Pípa á mọ́ kò ṣòro fún Raheem. Kìrìsìtẹ́nì kan ṣoṣo tó yẹ kó máa bá sọ̀rọ̀ ni Barnabas, ọkọ àbúrò rẹ̀, òun àti Barnabas sì ti yodì láti ọdún mẹ́rin. Jelilat ni bàbá wọn sọ àbúrò náà ní Ìwó. Nígbà tó fẹ́ Barnabas, ó di Elizabeth. Láti ọjọ́ náà ni Raheem kò ti tẹ ẹnu ọ̀nà wọn, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni nínú ọkọ̀.

Ó ya àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó ká a, ó mú un lọ sílé.

Asiya jókòó lórí àpótí ìrìn àjò tó ti fi okùn dì. Ó wo àwòrán náà títí.

“Mo ti rí èyí rí,” ó wí. “Nílé Elizabeth. Ṣùgbọ́n tiwọn kò ní gogoro. Àgbélébùú ló wà lórí tiwọn.”

“Kí lo lọ ṣe nílé Jelilat?”

“Ó ń bá Rumaysa dirun. Ó ti tó ọdún méjì.”

“Lẹ́yìn mi?”

“Níwájú yín ńkọ́, ṣé ẹ ó gbà? Bàbá Rumaysa, ẹ dúró di ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó bínú. Lónìí, ẹ wọ bàtà yín.”

Barnabas ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí i, Raheem náà kò kí i. Elizabeth ló ti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀: “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó mú àwòrán kan jáde láti abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni, koríko kan náà, ìkùukùu kan náà, ajá kan náà tó ń kọjá ní igun. Orí òrùlé nìkan ló yàtọ̀.

“Ta ló fún un yín?” Raheem bi àbúrò rẹ̀.

Barnabas ló dáhùn. “Bùrọ̀dá Adédọ̀tun. Ó ń bá wa gbàdúrà nínú ilé níbí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní wọ́n fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà jí, kí Mùsùlùmí má gbọ́.”

“Ṣé ó ní àpá lágbọ̀n?”

“Ó ní.”

“Tó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń fọwọ́ pa á?”

“Òun náà ni.” Barnabas jókòó pẹ̀ẹ́. “Páṣípọ́ọ̀tù tèmi àti ti Elizabeth wà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Elizabeth ń wo ilẹ̀. “Ó mọ̀ pé ẹ kì í bá ara yín sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ fún un. Mo ní kó bá mi fi ìjà yín sádùúrà.”

Ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni Dókítà Ọmọ́ládé ń gbé, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta nílé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ èédú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Elizabeth lọ pè é. Ó fi awò sójú, ó tẹrí ba sórí tábìlì.

“Kesterby rèé. Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí ni mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Orúkọ àwọn tó kú sínú ihò ni wọ́n kọ yí i ká. Àwọn arúgbó awakùsà mẹ́rin ló ń kùn ún lọ́dọọdún. Àwọn fúnra wọn ló ń ra ọ̀dà.”

“Gbọ̀ngàn wọn ńkọ́, Dókítà?”

“Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà níbẹ̀.”

“Ilé ìjọsìn?”

Dókítà wo gogoro, ó wo àgbélébùú. “Kò lórùlé rárá. Iná ti jó o kí n tó débẹ̀. Ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ìlú yẹn kò ríṣẹ́ fún ọmọ tó bí, ká tó wá sọ tiwa.”

Raheem ká àwòrán rẹ̀ jọ. “Ká lọ bá ọlọ́pàá.”

“Wọ́n á béèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n,” ni Barnabas wí. Ó yé Raheem. Ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà ní bòókẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ìwé ọlọ́pàá. “Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ń kó ẹrù sí. Bahra. Lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe àga tìmùtìmù.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ Barnabas ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù náà. Wákàtí mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan ni Barnabas na omi tútù sí i, lẹ́ẹ̀kan ni Raheem gbà á. Lẹ́yìn Àsárì, Adédọ̀tun jáde. Aṣọ ìhírámì funfun méjì ló ró mọ́ra bí ẹni tó ń lọ ṣe Úmúrà, àpò wà léjìká rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn méjì tó dá a lójú pé wọn kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kan láéláé. Ẹnu rẹ̀ là. Ó fò sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

“Tẹ̀ ẹ́!” ni Raheem ké.

“Mo ń tẹ̀ ẹ́!”

“Òun nìyẹn, ọkọ̀ funfun!”

“Gbogbo ọkọ̀ ló funfun!”

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ìyanrìn kan. Ó yọ́ gba àárín, ó tún jìnnà. Nígbà náà ni pátákó yọ lókè títì: Mùsùlùmí kó máa lọ tààrà, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kó yà sọ́tùn-ún. Ọkọ̀ Adédọ̀tun kò yà. Sójà tó wà níbi àyẹ̀wò rí aṣọ ìhírámì, ó juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Barnabas dúró ní etí títì.

“Kí lo dúró ṣe?”

“Bí wọ́n bá béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, ẹ̀sìn mi wà lára ìkáàmà.”

“Ti ọkùnrin yẹn ńkọ́?”

“Ta ni yóò dá ẹni tó wọ aṣọ Úmúrà dúró?” Barnabas na ọwọ́, ó ṣílẹ̀kùn fún un. “Ẹ bá mi mú un, ẹ̀gbọ́n.”

Raheem bọ́ sílẹ̀, ó bá takisí kan tó kún fún àlejò Ọlọ́run wọ Mẹ́kà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ ilé ìgbàlejò mẹ́tàdínlógún. Ní ìkejìdínlógún, olùṣọ́ ní ẹni tó ní àpá lágbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde ni, àwo oúnjẹ rẹ̀ ṣì gbóná. Raheem jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó dijú. Ọjọ́ kan ló kù. Ó ro ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe. Kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ibi àtijọ́ ló ń tà. Ẹni tó bá sì ti ń fi ìyẹn jẹun, yóò wá ibi àtijọ́ mìíràn tà ni.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó lọ dúró sẹ́bàá itẹ́ òkú àtijọ́ ní Al-Hujun, níbi tí àwọn àlejò ti ń wá ṣe síyárà, ìbẹ̀wò ibi mímọ́. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ohùn náà.

“Ẹ̀yin Àlàájà mi, òkúta tí ẹ ń wò yìí, ará Ìlọrin kan tó fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà ló fi orí ara rẹ̀ rù ú síbẹ̀…”

Raheem gbá a lápá mú.

“Páṣípọ́ọ̀tù mi.”

Adédọ̀tun rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ rọra, Àlàájì.”

“Páṣípọ́ọ̀tù mi!”

Ọkùnrin náà fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. “Pariwo, kí n sọ ilé tí àbúrò rẹ ti ń kọrin lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní orúkọ gbogbo wọn. Ìwọ ṣáà kórìíra wọn. Ṣé kí n bá ọ ṣe é?”

Ọwọ́ Raheem dẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, bí ẹnìkan bá lé Barnabas kúrò nílùú, ì bá kí onítọ̀hún kú iṣẹ́. Ó rántí bí Jelilat ṣe kúnlẹ̀. Ó kọjú sí àwọn obìnrin náà.

“Ẹ̀yin ìyá, páṣípọ́ọ̀tù yín dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ Àlàájì,” ni ìyá kan tó sanra wí. “Ó gbà á lánàá. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ wa sílẹ̀ fún síyárà.”

“Ṣé ó ti dá a padà?”

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Adédọ̀tun já ara rẹ̀ gbà, ó sáré ìṣísẹ̀ méjì. Ìyá náà ti gbá jalabíà rẹ̀ mú látẹ̀yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì, aṣọ lọ́wọ́.

“Níbo lò ń lọ? Mo ta ilẹ̀ oko mi kí n tó débí. Ó yá, fà mí!”

Kò lè fà á. Ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Waleed ló wá mú Adédọ̀tun.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n yọ ìkáàmà lápò rẹ̀. Waleed ka orúkọ, ó ka ẹ̀sìn, ó tún gbójú wo ọkùnrin náà. Abdulrauf kò sí níbẹ̀. Adédọ̀tun ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí.

“Kí lo wá ṣe ní Mẹ́kà?”

Adédọ̀tun kò gbọ́ Lárúbáwá ju ìkíni lọ. Waleed yíjú sí Raheem. “Ìwọ gbọ́ ọ. Bá wa túmọ̀.”

“Sọ fún un,” ni Adédọ̀tun wí ní Yorùbá, òógùn ń sẹ̀ lójú rẹ̀, “sọ fún un pé mo ní ọ̀rọ̀ tó ju páṣípọ́ọ̀tù lọ. Àbúrò rẹ àti ọkọ rẹ̀, sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn.”

Raheem yíjú sí ọlọ́pàá. “Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó fẹ́ jẹ́wọ́.”

“Kí lo sọ fún un?” ni Adédọ̀tun bi í.

“Ohun tó o máa ṣe.”

Adédọ̀tun la ẹnu, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Waleed lu tábìlì: “Lárúbáwá!” Ọkùnrin tó ti ní ẹnu fún Mùsùlùmí, tó tún ní ẹnu fún Kìrìsìtẹ́nì, kò ní ẹnu kankan mọ́ àfi ti Raheem. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo àwọn Àlàájà tó tò síbẹ̀ bí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Raheem sì túmọ̀ èyí láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Páṣípọ́ọ̀tù wà ní Bahra, nínú tìmùtìmù àga aláwọ̀ ewé. Ti àwọn Àlàájà wà nínú àpò rẹ̀. Kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Inú kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan ló ti gé àwòrán Kesterby.

“Tèmi náà wà nínú àga?” Raheem bi í.

Adédọ̀tun kò gbójú sókè. “Ti ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ wà níbẹ̀. Mo ti ta tìrẹ. Ẹnì kan tó jọ ọ́ ló rà á, ó ti fi wọkọ̀ lọ.”

Ní ọ̀sán, wọ́n fi ọ̀bẹ la àga ní Bahra. Páṣípọ́ọ̀tù mọ́kànlélógójì. Àwọn Àlàájà ti gba tiwọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń sunkún. Raheem buwọ́ lùwé fún mẹ́rin: ti Asiya, ti Rumaysa, ti Elizabeth, ti Barnabas. “Ìdílé mi ni gbogbo wọn,” ó sọ fún Waleed. Ó mọ̀ pé lọ́la tàbí lọ́tùnla, ògbufọ̀ tòótọ́ yóò jókòó ti Adédọ̀tun, ọ̀rọ̀ tí òun gbé mì yóò sì jáde.

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Barnabas. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Barnabas ti tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ìyá òun ń kú lọ nílé. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, àwọn mẹ́rin tò lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, Raheem dúró lẹ́yìn okùn. Asiya kò sunkún. Ó ń ṣe bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ fún un, ó ṣe é tán, ó tún tú u, ó tún un ṣe. Barnabas gbé àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ó ti yẹ kí ọkọ ọmọ ṣe fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀.

“Dìde,” ni Raheem wí. “Bàálù kò ní dúró.” Lẹ́yìn náà ó ní: “Bá mi tọ́jú wọn.”

“Ìgbà wo lẹ máa dé, bàbá?” Rumaysa bi í ní Lárúbáwá.

“Bukra,” ó dá a lóhùn. Lọ́la.

Jẹ́dà ni wọ́n bí Rumaysa sí. Ó ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ dé ọ́fíìsì púpọ̀, ó sì mọ iye ọjọ́ tó ń wà nínú “bukra” àwọn àgbà. Ó bú sẹ́kún. Elizabeth gbé e pọ̀n, wọ́n wọlé.

Raheem dúró títí bàálù náà fi gbéra. Ó jáde sínú oòrùn, ó wọ takisí, ó ní kí awakọ̀ gbé òun lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò níwèé sí kí wọ́n tó lé wọn padà sílé.

Awakọ̀ wò ó nínú dígí. “Ṣé o lẹ́ni níbẹ̀ ni?”

“Rárá,” ni Raheem wí. “Èmi ni mò ń lọ.”