Ọkọ̀ Ni Mo Ní Kẹ́ Ẹ Kọ

Ọwọ́ àwọn ọmọ wẹẹrẹ ni Àdùfẹ́ ń fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Olódì-Àpápá, lọ́jọ́ tí Ọlábímtán kọ́kọ́ rí i. Ọṣẹ ti hó dé ìgúnpá rẹ̀, orin ló sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: orin ọṣẹ, orin omi, orin nawọ́ kejì. Ọmọ tó ń sunkún gan-an ń na ọwọ́ kejì. Kí n má purọ́, ojú Ọlábímtán kò kúrò lára obìnrin náà mọ́.

Ajẹ́ǹtì tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní wáàfù, ní èbúté Àpápá, ni Ọlábímtán. Títílọpẹ́, ọmọ rẹ̀, ló mú wá sílé ìwé náà. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, etí rẹ̀ gbọ́ràn dáadáa, àmọ́ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ìyá Ọlábímtán sì ti fi gbèdéke lélẹ̀: tí kò bá fọhùn títí Ọdún Àjíǹde, òun ń mú un lọ sí Ìkirè. Jìnnìjìnnì ìyẹn ò jẹ́ kí bàbá jẹun dáadáa.

"Bàbá Títí, ẹ máa kọrin fún un nílé," Àdùfẹ́ wí. "Orin máa ń la ẹnu ọmọ. Tó bá ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ dákẹ́, ẹ wojú ẹ̀, kó bá yín parí ẹ̀."

"Àǹtí, èmi tí mi ò lóhùn?"

"Ta ló bi yín léèrè ohùn?"

Ó kọ́ ọ ní orin kan:

Kí ló ń bọ̀ lójú títì?
Ó gbẹ́rù, ó ń mì jìgìjìgì.
Kí ni? Kí ni? Ọkọ̀!

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọlábímtán kọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Ẹ gbà mí! Ibi tó yẹ kí ohùn ti lọ sílẹ̀, ohùn tirẹ̀ kọ̀, ó dúró gangan.

Àdùfẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ kọ! Ẹ ti ń wá ọkọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta."

"Tọ́mọ ò bá fẹ́, olùkọ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín jàre."

Bó ṣe ń bọ̀ wá mú ọmọ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n jọ ń rìn dé ibùdókọ̀ Bóńdárì, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n kò lè là á lẹ́nu. Ta ni wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, tí yóò máa wá ìyàwó?

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde pé. Màmá Ọlábímtán wọ kíláàsì tòun ti báàgì aṣọ ọmọ.

"Orin ò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́nu," ó ní. "Ẹ gbé ọmọ mi wá."

Àdùfẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dákẹ́ níparí. Ọlábímtán, tó ti gbọ́ pé Màmá dé, sáré wọlé. Títílọpẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó wo Àdùfẹ́.

"Ọkọ!" ló wí ketekete, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Yéè! Ọmọ mi fọhùn!" Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Màmá. "Àmọ́, ọkọ ta ni?"

Omijé ń dà lójú Ọlábímtán. "Àǹtí, èmi ni mo kọ́ ọ láṣìṣe. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Ojú ti Àdùfẹ́, ṣùgbọ́n ó wò ó lójú kòrókòró. "Bàbá Títí, ọmọ ò ṣì í pè."

Màmá wo Ọlábímtán, ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Má tíì dìde," ó ní, ó sì gbé ọwọ́ lé e lórí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà fún ọ, ìyàwó mi."