Omi Tí Fadékẹ́ Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Mu

"Àjẹ́ ni ọ́! Ìwọ lo pa ọmọ tí o fi inú ara rẹ bí! Ta ni kọ́kọ́rọ́ kànga wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà bí kò ṣe ìwọ?"

Fadékẹ́ ló ń ké bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá, tí ó na ìka sí ojú ìyálé rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ti to orí wọn sókè ògiri bí àkùkọ. Ẹ jẹ́ kó máa ké. Ẹnu kan náà ni yóò tú àṣírí ara rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Gbémisọ́lá ni ìyálé náà. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń wo àwọn èèrà tó ń wọ́ ìyẹ́ aáyán kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Òkìkíọlá, ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kò dé inú rẹ̀ mọ́. Ń ṣe ló dà bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ilé kejì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú bí òun. Ó wá ìbínú náà títí, kò rí i.

"Ó dákẹ́! Ẹ wo ojú rẹ̀, gbígbẹ bí ojú ẹja panla! Ìyá wo ló ń sin ọmọ rẹ̀ láìsunkún?"

"Fadékẹ́, ó tó," ni Bọ́dúndé ọkọ wọn wí. Ṣùgbọ́n ó wí i bí ẹni tó ń sọ fún iná pé kó rọra jó, tó sì ń koná mọ́ ọn.

Ní ìsàlẹ̀ Bàrígà níbi tí ilé ẹbí yìí wà, ìdọ̀tí ni ìyá ilẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ ilẹ̀ yóò máa da pàǹtírí sínú àbàtà títí omi ọ̀sà yóò fi sá sẹ́yìn. Yóò da yanrìn lé e lórí, yóò sì pè é ní púlọ́ọ̀tì. Bọ́dúndé, tó jẹ́ atẹ̀wé ní Ṣómólú, ti ń dí àbàtà tó wà lẹ́yìn ògiri wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé tuntun ni yóò kọ́ síbẹ̀, Fadékẹ́ ìyàwó kékeré ni ó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún. Ìyálé ni kó máa gbé inú ògbólógbòó ilé tó ń jò. Gbémisọ́lá mọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Sùúrù ni wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹni tó bá kọ́ ọmọbìnrin ní sùúrù láìkọ́ ọ ní ìbéèrè, ìdajì ẹ̀kọ́ ló fún un.

Nígbà tí òjò dé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ ilé. Gbémisọ́lá ń se omi kànga, ó ń fi álọ́ọ̀mù tí ń mú omi tòrò sí i, pàbó ló já sí. Òkìkíọlá kú. Ọlámilékan, àbúrò rẹ̀, rù débi pé a lè ka egungun ìhà rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń sú. Tolúwalọpẹ́, ọmọ Fadékẹ́, nìkan ni nǹkan kan kò ṣe, nítorí píọ́ wọ́tà ni ìyá rẹ̀ ń rà fún un.

"Mi ò fọkàn tán orogún mi," ni Fadékẹ́ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n létí. Ìyálé ló ń ṣí kànga láràárọ̀. Ìyálé ló ń tì í lálẹ́. Kí ni ó tún kù? Bí wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, tí Fadékẹ́ so ó mọ́ etí ìró ara rẹ̀, tó sì kéde fún àdúgbò pé: "Láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi, omi wa ti mọ́ gaara!"

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, Bàbá Ògúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ́dúndé, ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti parí ọ̀rọ̀. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè.

"Gbémisọ́lá," ó wí, "ohun tí ọkọ rẹ béèrè ni pé kí o kó ẹrù rẹ kúrò nínú ilé yìí. Ọlámilékan yóò bá mi lọ sílé. Ṣé o gbọ́?"

Nígbà náà ni nǹkan kan mì lábẹ́ àyà obìnrin náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ apá tó ti kú, tí ó sì rí i pé kò tíì kú tán.

"Ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín, Bàbá," ó wí. "Ẹ má gba ọmọ tó kù lọ́wọ́ mi. Mi ò fi nǹkan kan sínú omi."

"Irọ́!" ni Fadékẹ́ fò sókè. "Irọ́ ńlá! Bàbá, ẹ jẹ́ kó búra!"

"Gbogbo yín lẹ ti fi Bíbélì búra lánàá tí mo dé pé ọwọ́ yín mọ́," ni bàbá náà dáhùn, "ọ̀kan nínú yín ló sì purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Mi ò ní gbé Ìwé náà jáde mọ́. Omi ló fa ẹjọ́, omi la ó fi búra. Ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí a pè lẹ́jọ́ yóò jọ mu nínú kànga yìí. Bí bàbá tèmi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Èmi kẹ̀?" Ojú Fadékẹ́ yí. "Bàbá, kí ló kàn mí níbẹ̀?"

"Ṣé o ní omi ti mọ́? Kọ́kọ́rọ́ ṣáà wà lọ́wọ́ rẹ. Àbí ta ló tún ń ba omi jẹ́?"

Ohùn kan rẹ́rìn-ín lórí ògiri. "Ìyàwó, ẹ mu ún jàre! Ọtí ọ̀fẹ́ kọ́ ni!"

Wọ́n fa omi. Gbémisọ́lá gba ife, ó wí pé, "Bí mo bá mọ ohun tó wọ inú omi yìí tó pa ọmọ mi, kí n má ṣe rí alẹ́ ọ̀la." Ó sì gbé e mu tán. Ó ní ìtọ́wò kẹrosíìnì àti ti irin. Ìtọ́wò náà ti mọ́ ọn lára. Òun náà ló ti ń mu láti ìgbà òjò.

Fadékẹ́ gba tirẹ̀. Ó sọ ìbúra náà wéréwéré, ó fi ètè kan omi, ó sì sọ ife kalẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó mì.

Oòrùn mú. Tolúwalọpẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò mọ ohun tí àgbà ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ife náà.

"Mọ́mì, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Mu ún, ọmọ mi," ni Bàbá Ògúnmọ́lá wí, láìní ète kankan nínú. "Omi ìyá rẹ ṣáà ti mọ́."

Ọmọ náà gbé ife dé ẹnu.

"Má mu ún!" Igbe náà ya àgbàlá sí méjì. Fadékẹ́ fò mọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbá ife náà dànù, ó ń fi ìró nu ètè rẹ̀. "Tú u dànù! Tutọ́ dànù! Kẹ́míkà ni!"



"Kẹ́míkà wo?" ni bàbá náà béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Fadékẹ́! Pa ẹnu rẹ mọ́!" ni Bọ́dúndé ké.

"Kí n pa á mọ́ kí ọmọ tèmi náà kú? Ṣé èmi ni mo ń kó o wá láti Ṣómólú? Ìwọ lo ń gba kẹ́ẹ̀gì oògùn tí wọ́n ti fi fọ pélétì ìtẹ̀wé lọ́wọ́ gbogbo àwọn atẹ̀wé, agolo yíǹkì lórí agolo yíǹkì! Ìwọ lo fi wọ́n dí àbàtà, tí o rì wọ́n sí ìdí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga! Mo sọ fún ọ pé ó ti ń jò wọnú omi!"

"Ta ló ní kí ilẹ̀ yá kíákíá? Ta ló ní òun ò lè bá ìyálé gbé ilé kan mọ́? Wọ̀bìà! Ìwọ lo ní kí a di ẹ̀bi náà ru ìyá Òkìkí!"

"Ọ̀dàlẹ̀!"

"Apànìyàn!"

Báyìí ni àwọn tó jọ sùn lórí irọ́ kan ṣe jí sórí òtítọ́, tí wọ́n ń fi í na ara wọn. Wọ́n mọ̀! Kí Òkìkíọlá tó kú ni wọ́n ti mọ̀! Wọ́n ń ra omi fún ọmọ kan, wọ́n ń wo ọmọ kejì bó ṣe ń mu ikú lówùúrọ̀ àti lálẹ́, nítorí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Kò sí èṣù tó tì wọ́n. Ìwọra ni, ó sì ní orúkọ, ó sì ní àdírẹ́sì.

Àwọn aládùúgbò sọ̀kalẹ̀ lórí ògiri. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí kànga tiwọn náà kò jìnnà.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti gbẹ́ ìdí ògiri náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń fi áńkáṣíìfù bo imú, kẹ́ẹ̀gì ń jáde tẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì, omi aláró ń ṣàn lára wọn bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a kò mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti mú Bọ́dúndé lọ. Fadékẹ́ gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn sá. Lórí ilẹ̀ tuntun tí ó ti ń pè ní tirẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì dé orúnkún, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fà á jáde tòun ti òórùn. Ìyá Fadékẹ́ ló wá mú Tolúwalọpẹ́, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Gbémisọ́lá dúró, ó pọn Ọlámilékan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ti gùn ju ti ọmọ ẹ̀yìn lọ. Ilé ìwòsàn ló ń gbé e lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò.

"Ìyá Òkìkí! Ọlọ́run ti dá yín láre!" ni àwọn obìnrin àdúgbò ń ké. Àwọn kan náà tó pè é ní àjẹ́ ni.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Ṣé àre náà á pe Òkìkí wá jẹun ni?"



Bàbá Ògúnmọ́lá bọ́ fìlà. "Ọmọ rẹ kò ní kúrò lẹ́yìn rẹ láé," ó wí. "Ilé yìí di tìẹ àti tirẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ mi ṣìkà." Bàbá arúgbó náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò rí kó tẹ̀ríba fún ọmọdé rí, bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó kéré sí ọmọ tirẹ̀.

Gbémisọ́lá wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí irun funfun bò. Ó dúró de ẹkún. Kò wá. Ó mú bàbá náà ní apá kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá," ó wí. "Ilẹ̀ yìí kò mọ́."