Ó Padà Sílé, Ikú Tẹ̀lé E

Ọjọ́ kẹta tí obìnrin aránṣọ kan padà sí ilé tí wọ́n ti bí i ni àbúrò bàbá rẹ̀ kú. Ọkùnrin náà jẹun yó, ó da èédú sínú àdògán láti yáná bó ti ń ṣe láti ogún ọdún, ó ti fèrèsé, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gan. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àìsàn.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: kí ni wọ́n tún ń wá? Ìyàwó olóògbé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ilé, ní láti ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ burúkú náà ti gbé báàgì wọlé ni òwìwí ti ń bà lé òrùlé ọkọ òun. Ọdún méjìlá ló fi rìn káyé, kò lọ́kọ, kò bímọ. Kí ló lọ kọ́ bí kò ṣe fífò?

Aránṣọ ń to ẹrù rẹ̀ lọ. Yàrá ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé. Káfíńtà kan sì ń bẹ ní òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n jọ ń gun igi ní kékeré. Orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀... ẹ jẹ́ n dákẹ́, ọjọ́ orí mi ò gba ìyẹn mọ́. Ìyá káfíńtà ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ àjẹ́ ò ní dàgbà. Káfíńtà ní òun ti dàgbà tán, kí wọ́n wo orí òun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Ilé àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó sí yàrá olóògbé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìyá Ilé, ọmọ ń bì. Ẹbí bá pàṣẹ pé kí aránṣọ kẹ́rù rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ò jí. Ìyá Ilé ta gọ́ọ́gọ́ọ́ jáde, ó di aránṣọ lọ́rùn aṣọ mú.

“Tú ọmọ mi sílẹ̀, àjẹ́.”

Aránṣọ já ara rẹ̀ gbà, ó wọ yàrá náà. Iná èédú ṣì pọ́n nílẹ̀, òòyì sì kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ọmọ jáde sínú afẹ́fẹ́. Ọmọ húkọ́, ó sunkún.

Káfíńtà ti sáré dé. Ó gun àga, ó fa àkísà ńlá kan yọ nínú ihò atẹ́gùn tó wà lókè fèrèsé.

“Ta ló dí ibí yìí?”

“Èmi ni,” Ìyá Ilé dáhùn. “Ọjọ́ tí àjẹ́ yìí dé ni mo dí i, kí ẹyẹ rẹ̀ má baà rí ọ̀nà wọlé bá ọkọ mi.”

Káfíńtà rọra ṣàlàyé fún wọn pé èédú tó ń jó nínú yàrá tí kò ní ihò máa ń pa èèyàn sójú oorun. Lẹ́yìn náà ni olórí ẹbí ní àjẹ́ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n sì yí opó ká.

“Kò sí àjẹ́ níbí,” ni aránṣọ wí. “Ẹ fi Ìyá Ilé sílẹ̀. Ẹ̀rù ló bà wọ́n.”

Ìyá Ilé ò dúpẹ́. Ó pòṣé, ó ní aránṣọ fa ọmọ òun lápá jù, ó wọlé lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Káfíńtà bi aránṣọ bóyá ó ṣì ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì.

“Lọ kan ibùsùn wá,” ló wí. “Kó fẹ̀, kó má sì máa dún. Ìyá Ilé ṣì ń fetí lé ògiri.”