Ọjọ́ tí Ramlah Fi Ìbínú Gbẹ́ Àfonífojì

Ramlah jí ní àárọ̀ Sátidé. Ó fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbì!

Ó wọ bàtà snow rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó dé fìlà onírun.

Òní ni Dádì máa gbé òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí àfonífojì! Òkè ńlá wà níbẹ̀, odò sì ń ṣàn láàárín.

"Dádì, mo ti ṣetán o!"

Ṣùgbọ́n Dádì jókòó jẹ́ẹ́ nínú basement, yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń gbé, ní àdúgbò Marlborough ní Calgary. Wọn ò wọ bàtà. Wọn ò wọ kóòtù.

"Ramlah, a ò ní lè lọ mọ́," ni Dádì wí.

"Kí ló dé?"

"Epo rọ̀bì ò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Lánàá, ilé iṣẹ́ wa ní kí èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn máa lọ sílé. Mọ́tò wọn ni mò ń wà. Wọ́n ti gbà á."

Etí Ramlah gbóná. Imú rẹ̀ gbóná.

"It's not fair!" ni Ramlah pariwo. "Ẹ ṣèlérí!"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó jù ú mọ́ ògiri. Pàá!

Ó bọ́ ìkejì. Pàá!

Khalid, àbúrò rẹ̀ kékeré, pàtẹ́wọ́. "Pàá!" ni Khalid wí.

"Má bá mi sọ̀rọ̀!" ni Ramlah jágbe mọ́ ọn.

Khalid bú sẹ́kún.

Mọ́mì ń múra iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n yọjú. "Ramlah! Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ṣùgbọ́n Khalid kọ́ ló gba mọ́tò."

Mọ́mì gbé báàgì, wọ́n sáré lọ wọ train.

Ojú ti Ramlah. Ìyẹn tún wá bí i nínú sí i.

Ó ṣa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Snow kún ibẹ̀. Snow funfun báláú, tó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ramlah gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbì!

"Mi ò fẹ́ràn ilé iṣẹ́ yẹn!" Gbì!

"Mi ò fẹ́ràn epo rọ̀bì!" Gbì!

"Mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni!" Gbì! Gbì! Gbì!

Dádì jáde. Wọ́n gbé Khalid dání, wọ́n sì mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kejì. Wọ́n wo ibi tí Ramlah tẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti jìn wọnú.

"Àfonífojì lo ń gbẹ́ yìí," ni Dádì wí. Ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni Dádì kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n mọ ìtàn òkúta dáadáa.

Ramlah kẹ̀yìn sí wọn. Gbì.

"Yìnyín ló gbẹ́ àfonífojì gidi yẹn," ni Dádì wí. "Láyé àtijọ́, yìnyín kún àárín àwọn òkè. Ó ga ju ilé gogoro lọ! Ó ń rọra wọ́, ó ń fi òkúta ha ilẹ̀. Kárá! Kárá!"

Ramlah yíjú díẹ̀. "Ṣé inú ń bí i ni?"

"Rárá. Ó kàn wúwo ni."

"Inú tèmi ń bí mi."

"Mo mọ̀." Dádì sún mọ́ ọn. "Inú ń bí èmi náà, Ramlah. Ó ń bí mi gan-an."

Ramlah wo ojú Dádì. Ojú náà le bí òkúta.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà náà," ni Ramlah wí.

Dádì gbé Khalid sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ńlá sókè.

GBÌ!

"Gbì!" ni Khalid wí.

Ni wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Ramlah di yìnyín. Kárá! Kárá! Dádì ń fi ṣọ́bìrì kó snow sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Snow ga, ó di òkè.

"Yìnyín wá yọ́, ó di odò," ni Dádì wí.

Ramlah fi ìka fa odò gígùn kan. Ṣuuu!

"Odò Bow nìyẹn. Òun náà ló ṣàn wá sí Calgary níbí."

"Ta ló kọ́kọ́ gbé ní àfonífojì gidi yẹn?"

"Àwọn tó nilẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Stoney Nakoda wà lára wọn. Wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní."

Ramlah to igi wẹ́wẹ́ sétí odò.

"Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Fàkàfìkì! Àwọn èèyàn wá ń wa èédú lábẹ́ òkè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń wà á pa. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé."

Ramlah dìde fùú. "Bíi tiyín!"

"Bíi tèmi."

"Ṣé wọ́n kó lọ?"

"Àwọn kan kó lọ. Àwọn kan dúró, wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn."

"Àwa ńkọ́?"

Dádì fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀. "Àwa máa dúró. Èmi náà máa wáṣẹ́. Ó lè pẹ́ o."

Ramlah ronú. "Inú ṣì ń bí mi."

"Púpọ̀?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó wo Khalid. "Khalid, pẹ̀lẹ́. Wá."

Ó fà á gun orí òkè. Àwọn méjèèjì yọ̀ wálẹ̀. Yẹ̀ẹ̀ẹ̀!

"Again!" ni Khalid wí.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì tibi iṣẹ́ dé. Wọ́n la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló ṣe ẹ̀yìnkùlé báyìí?"

"Èmi ni!" ni Ramlah wí. "Inú ń bí mi, mo bá gbẹ́ àfonífojì!"

"Ṣé ó máa gbà mí?"

"Ẹ bọ́ síbí, Mọ́mì. Ẹ má tẹ odò o!"

Mọ́mì bọ́ sínú rẹ̀. Dádì sún fún wọn. Khalid jókòó lé Dádì lẹ́sẹ̀.

Atẹ́gùn ń fẹ́ lókè, fùú, fùú. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ àfonífojì, atẹ́gùn kò rí wọn mú.